Ẹ Ya Èèpo Sọ́tọ̀ Kúrò Lára Ike

Èyí tó pọ̀ jù nínú pàǹtí ilé l'Ékòó ni èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àjẹkù oúnjẹ. Tá a bá dà wọ́n pọ̀ mọ́ ike, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́, ó di ẹrù ààtàn ńlá bíi ti Olúṣosùn l'Ójọ̀ọ́ta. Níbẹ̀, ohun tó ń jẹrà ń tú gáàsì tó tètè ń gbiná jáde. Iná ńlá jó níbẹ̀ lọ́dún 2018, èéfín sì dààmú àwọn aráàlú. Àmọ́ ike tá a bá yà sọ́tọ̀ ṣì wúlò: lọ́dún 2012, ilé iṣẹ́ Wecyclers l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ akẹ́rù gba ike lẹ́nu ọ̀nà àwọn èèyàn, wọ́n sì ń fún wọn ní máàkì tó ń di ẹ̀bùn nígbà náà. Ọ̀nà tó dáa gan-an nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àpò méjì sí ilé ìdáná yín lónìí: ọ̀kan fún èèpo, èkejì fún ike.