Òkè tí ó Wà nínú Ìwé tí kò Sí lórí Ilẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù)

Nígbà tí akọ̀wé ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ ní ìpàdé yìí, ọ̀rọ̀ nípa ìwà ọmọlúàbí ni a ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́, kò sì jẹ́ kí a rántí ìyẹn mọ́.

A gbé àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí a ń pè ní máàpù, kọ́ sára ògiri. A ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ọ̀pá tọ ipa odò Ọya, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Niger, láti orísun rẹ̀ títí dé òkun. Tìmbúkútù ni ó fi ọ̀pá lé, ibẹ̀ ni ó sì fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. A wí fún un pé ní àárín àwọn òkè ilẹ̀ Guinea ni odò náà ti ṣẹ̀, kí ó tó gba ìhà àríwá lọ sí Tìmbúkútù. Ó dá wa lóhùn pé, "Ẹ jọ̀wọ́, Baba, omi kì í ṣàn gòkè." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bíi mélòó kan sì mi orí sí i.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kì í ṣe aláìlóye. Láti kékeré ni a ti ń gbé àwòrán ilẹ̀ kọ́ sára ògiri fún un, tí àríwá wà lókè ìwé, tí gúúsù sì wà nísàlẹ̀. Òun náà sì ka orí ìwé sí orí òkè. Èdè wa pẹ̀lú tún ràn án lọ́wọ́ láti ṣìnà, nítorí a ń sọ pé Òkè Ògùn, a sì ń sọ pé Òkè Ọya. Odò tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀, èyíinì ni odò Ògùn, ní ìhà Ṣakí ni ó ti ṣẹ̀, ó sì ń lọ sínú ọ̀sà ní Èkó, bí ẹni pé ó ti orí ìwé sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti rìn lẹ́bàá odò Moshi ní ìhà Kìṣí rí, ìbá ti rí i pé omi mìíràn wà ní agbègbè kan náà tí ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀sà, tí ó ń lọ bá Ọya. Ohun tí ó ká wa lára ni pé, ní ọdún méjì sí i, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí yóò dúró níwájú ogójì ọmọdé.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà ti ṣe jù báyìí lọ. Ní 1796 Mungo Park, ará Scotland, dé etí odò náà ní Ṣégù, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ìlà-oòrùn ni omi náà ń ṣàn sí, kì í ṣe ìwọ̀-oòrùn gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé àtijọ́ kan ti wí. Níbo ni ó wá ń lọ? James Rennell, ọ̀gá láàárín àwọn ayàwòrán ilẹ̀ ní England, pinnu pé inú àwọn adágún kan ní àárín Áfíríkà ni odò náà ń ṣòfò sí, tí oòrùn sì ń fa omi rẹ̀ gbẹ. Kí ni kò wá jẹ́ kí ó yà sí gúúsù, kí ó wọ inú òkun? Ó di dandan kí a wá ohun tí ó dínà mọ́ ọn. Park ti mú ìròyìn òkè wá láti ìhà Kong, ìlú oníṣòwò tí ó wà ní àríwá Côte d'Ivoire lónìí. Nítorí náà, nínú àwòrán tí Rennell yà ní 1798, ó fa òkè gbọọrọ la inú Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọjá bí ọgbà, ó sì pè é ní Òkè Kong. Àwọn ayàwòrán yòókù wò ó, wọ́n dà á kọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ fà á gùn títí ó fi kan òkè tí wọ́n ń pè ní Òkè Òṣùpá ní àárín Áfíríkà.

Òkè náà kò sí.

Ẹ wá wo bí ìwé ti í pàṣẹ fún ojú. Ní ìparí 1825 Clapperton àti Richard Lander gbéra láti Àgbádárìgì, wọ́n gba ilẹ̀ wa kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé. Lójú ọ̀nà wọ́n gun àwọn òkè àpáta wa, òkè tí ó ní orúkọ, tí púpọ̀ nínú wọn sì ní oríkì. Òkè Kong ni wọ́n pè wọ́n. Ìwé ti wí fún wọn pé wọn yóò bá Kong lọ́nà, wọ́n sì bá a. Àwa kò sọ pé wọ́n purọ́. Ohun tí wọ́n mú lọ sí ibẹ̀ ni wọ́n rí.

Clapperton kan náà ti rí ohun mìíràn ní Ṣókótó ní 1824. Sultan Muhammadu Bello ya ipa odò náà sórí iyanrìn fún un, ó sì wí fún un pé ó wọ inú òkun. Ṣùgbọ́n àwòrán tí ó gbà lórí ìwé láti ààfin yẹn darí odò náà sí Íjíbítì! Àwọn kan wí pé ọgbọ́n ni, kí àjèjì má baà mọ ọ̀nà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. A mú un wá kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àṣìṣe Òyìnbó nìkan ni à ń kà níhìn-ín.

Ní 1830 Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ tún gba Àgbádárìgì àti Ọ̀yọ́ Ilé dé Bùsá. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n sì bá odò náà lọ títí ó fi gbé wọn dé òkun ní ìhà Brass ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Etíkun yẹn ni àwọn oníṣòwò Òyìnbó ti ń ra ẹrú, tí wọ́n sì ń ra epo, fún ìgbà pípẹ́, láìmọ̀ pé ẹnu Ọya ni àwọn dúró sí. Odò náà kò bá ọgbà kankan pàdé. Síbẹ̀ a kò nu òkè náà kúrò nínú ìwé. Ìgbà tí Binger, ará Faransé, gbéra láti Bamako, tí ó wọ ìlú Kong ní 1888, tí ó sì jáde sí etíkun ní 1889, ni ó tó ròyìn pé òkun òkè tí à ń wí kò sí níbẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ní 1928 ìwé àwòrán ayé kan tí a tẹ̀ ní Britain ṣì ní orúkọ Òkè Kong nínú àtòjọ ẹ̀yìn rẹ̀.

A kì yóò pẹ́ lórí àwòrán Mercator ti 1569, tí ó mú kí Greenland dàbí ẹgbẹ́ Áfíríkà, nígbà tí Áfíríkà tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rìnlá. Àwọn atukọ̀ ni a yà á fún, ó sì wúlò fún wọn. Ẹni tí ó gbé e wọ kíláàsì ni kí a bi. Ní oṣù Kẹjọ 2025 Ìṣọ̀kan Áfíríkà fọwọ́ sí ìpè pé kí a fi èyí tí ó fi ìwọ̀n ilẹ̀ hàn bí ó ti rí rọ́pò rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó sún mọ́ wa jù wà nílé.

Nínú àwòrán Nàìjíríà tí àwọn ọmọ wa ń yà, odò méjì ni ó wà níbẹ̀, Ọya àti Bẹ́núé, tí wọ́n pàdé ní Lọ́kọ́ja bí lẹ́tà Y. Kò sí Ògùnpa níbẹ̀, nítorí Ògùnpa kéré. Ṣùgbọ́n ní 31 oṣù Kẹjọ 1980, lẹ́yìn òjò ńlá, Ògùnpa kún bo àárín Ìbàdàn, ẹ̀mí tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ sì bá a lọ. Ní 26 oṣù Kẹjọ 2011 àgbàrá àti odò tún gba ìlú náà, ẹ̀mí tí ó ju ọgọ́rùn-ún sì tún ṣòfò. Àwọn ènìyàn ti kọ́lé sí bèbè odò, wọ́n sì ti da ìdọ̀tí dí ọ̀nà omi. A kò sọ pé àwòrán ni ó pa wọ́n. Ohun tí à ń wí ni pé ọmọ tí a kọ́ pé odò méjì ni ó wà ní ilẹ̀ wa yóò dàgbà, yóò ra ilẹ̀, yóò wo ìwé tí awọnlẹ̀ yà fún un, kò ní rí omi níbẹ̀, yóò sì fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Baba ńlá rẹ̀ ìbá kọ́kọ́ béèrè orúkọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá dá a lóhùn pé àkùrọ̀ ni, ewébẹ̀ ni ìbá gbìn síbẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, a bi kíláàsì wa léèrè ibi tí omi tí ó gba ẹ̀yìn ilé-ìdáná wa ń lọ. Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Àwa pẹ̀lú kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni a ti ń gbé ibẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ọdẹ tí ń ṣọ́ ọgbà ni ó mú wa lọ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, a ti ka odò kéékèèké méje, ó sì dárúkọ márùn-ún. Ó ní baba òun ni ó mọ orúkọ méjì yòókù. Nígbà tí a délé, olúkúlùkù ya ohun tí ó rí. Ọmọ tí ó wí pé omi kì í ṣàn gòkè fi orísun omi sí ìsàlẹ̀ ìwé tirẹ̀, nítorí ìhà ibẹ̀ ni a ti rí i.

Ẹ̀yin ìjòyè, ohun tí a wá bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ jẹ́ kí a máa kó àwọn ọmọ wọ̀nyí wá sí àdúgbò yín ní ọjọ́ Sátidé, kí ẹ sì yan àgbà kan tàbí méjì tí ó mọ ọ̀nà omi láti bá wa rìn. Ìwé àti lẹ́ẹ̀dì ni a ó mú wá, a ó sì gbé ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní ààfin. Bí ẹnikẹ́ni níhìn-ín bá sì mọ orúkọ odò méjì tí ó kù lẹ́yìn ọgbà wa, kí ó jọ̀wọ́ ránṣẹ́ sí wa kí òjò tó bẹ̀rẹ̀; àwọn tí ọdẹ náà ní kí a lọ bi ti lé ní ọgọ́rin ọdún.