A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ìpè Íntánẹ́ẹ̀tì àti Àwọn Aláìríran Àárín Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Ihunbo)

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi, ṣùgbọ́n ó kan ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá ń jíròrò lórí ọ̀nà àti omi.

Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé láti ìgbà àrùn kòrónà ọdún 2020 ni ìgbìmọ̀ wa ti ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ìpàdé. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ wa tí ó wà ní Kútọnu àti èyí tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè jókòó pọ̀ láìsan owó ọkọ̀, láìdúró ní ẹnubodè. Dátà nìkan ni irú ìpè bẹ́ẹ̀ ń ná, ibi yòówù kí ẹni tí a ń pè wà.

Ní ọdún tí ó kọjá, nígbà tí a fẹ́ pinnu iye tí olúkúlùkù yóò dá fún iṣẹ́ ìlú, a ní kí ẹni tí ó bá fara mọ́ ọn tẹ àwòrán ọwọ́ tí ó wà lójú ẹ̀rọ. Ọ̀kan nínú àwọn baba wa, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí àrùn ojú sì ti gba ìríran rẹ̀, wà nínú ìpàdé náà. Kò rí àwòrán ọwọ́ kankan. A ka ìbò, a kò ka tirẹ̀. Nígbà tí akápò lọ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní òpin oṣù, ó san án pé, ó sì wí pé: "Ẹ gba owó mi, ẹ kò gba ohùn mi." Ọ̀rọ̀ náà dùn wá wọ egungun. Àwa tí a yan ohun tí a ó máa lò láìbi í léèrè ni a jẹ̀bi. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Àwọn mìíràn lè béèrè pé báwo ni aláìríran ṣe ń lo kọ̀ǹpútà. Ètò kan wà tí ń ka ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ sí i létí. Ní 1989 ni JAWS jáde ní Amẹ́ríkà láti ọwọ́ Ted Henter, ẹni tí ìjàǹbá ọkọ̀ gba ojú rẹ̀ ní 1978. JAWS dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Ní 2006, ọ̀dọ́mọkùnrin aláìríran kan ní Australia, Michael Curran, bẹ̀rẹ̀ èyí tí a ń pè ní NVDA. James Teh, tí òun náà kò ríran, sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀fẹ́ ni NVDA, a sì lè gbé e sínú fláàṣì láti lò ó lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ní ti fóònù, TalkBack ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí lórí Android, VoiceOver sì ń ṣe é lórí iPhone láti 2009. Aláìríran kì í sábà lo eku kọ̀ǹpútà, nítorí kò rí ibi tí ọfà rẹ̀ wà. Kíbọ́ọ̀dù ni ó fi ń ṣe ohun gbogbo.

A lọ jókòó ti baba wa yìí fún ọjọ́ mẹ́ta, a sì dán ètò ìpè bíi mélòó kan wò lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Òun ni olùkọ́, àwa ni akẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè mẹ́rin ni ó kọ́ wa láti máa béèrè.

Èkíní: ǹjẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ? Nínú ètò kan tí a dán wò, ohun tí a ń gbọ́ kò ju "bọ́tìnnì, bọ́tìnnì, bọ́tìnnì" lọ, bí ẹni tí ó wọ agbo ilé ńlá tí kò mọ ìlẹ̀kùn onílé yàtọ̀ sí ti àlejò.

Èkejì: ǹjẹ́ kíbọ́ọ̀dù nìkan tó? Nínú Zoom lórí Windows, bí a bá tẹ Alt pẹ̀lú A, máìkì yóò ṣí tàbí kí ó pa. Alt pẹ̀lú Y ni a fi ń na ọwọ́ sókè. Nínú Google Meet, Ctrl pẹ̀lú D ni ti máìkì.

Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ kì í ṣe àsọjù? Etí kan ni aláìríran fi ń gbọ́ ìpàdé, èkejì ni ó fi ń gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń ka gbogbo "ẹ kú iṣẹ́" tí ẹ ń kọ ránṣẹ́ nígbà tí akọ̀wé ń sọ̀rọ̀, ohùn méjì yóò bo ara wọn. Zoom gba ènìyàn láàyè láti yan ìkéde tí ó fẹ́ kí ẹ̀rọ máa kà.

Ẹ̀kẹrin: ǹjẹ́ ó rọrùn láti wọlé? Ẹni tí a bá ní kí ó kọ́kọ́ ka lẹ́tà wíwọ́ inú àwòrán, ìta ni a ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn sí.

Èyí ni ohun tí a rí. Fún ìpè ẹni kan sí ẹni kejì àti ìpàdé kékeré, WhatsApp ni kí a máa lò: ọ̀pọ̀ wa ti ní in lórí fóònù, a ti ń fi ohùn pe ara wa lórí rẹ̀ láti 2015, ènìyàn 32 sì lè wà nínú ìpè kan. Fún ìpàdé gbogbogbòò, Zoom ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ rẹ̀ kò kọjá ìṣẹ́jú 40. TeamTalk náà wà, ọ̀fẹ́ ni, àwọn aláìríran ní ìlú púpọ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí orí ohùn ni a kọ́ ọ lé. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa gba gbogbo ohùn jọ àti ẹni tí yóò máa mójú tó o. Agbára wa kò tíì ká a.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe so ara wa mọ́ ẹyọ kan. Skype bẹ̀rẹ̀ ní 2003, àwọn aláìríran káàkiri ayé sì mọ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ bí ẹni mowó. Microsoft rà á ní 2011, wọ́n sì pa á tì ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, 2025. Nítorí náà ọdọọdún ni kí a máa dán ohun tí a ń lò wò.

Ìwà wa pẹ̀lú gbọ́dọ̀ yí padà, nítorí ètò dáradára kò lè tún ìpàdé burúkú ṣe. Ìwé tí a bá gbé sójú ẹ̀rọ fún gbogbo ènìyàn láti wò, àwòrán lásán ni lọ́dọ̀ NVDA. Kì í kà á fúnra rẹ̀. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì tí ń ka Yorùbá a sì máa gé e wẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé máa ka àkọsílẹ̀ ìpàdé sókè ketekete.

Ẹ̀yin ará ilé, èyí kì í ṣe àánú. Òfin tí ó lòdì sí yíyà abirùn sọ́tọ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù kìíní ọdún 2019. Láti 1962 ni ilé ẹ̀kọ́ Pacelli ní Sùúrùlérè ti ń kọ́ àwọn ọmọ aláìríran ní ìwé, Federal Nigeria Society for the Blind sì ní ibùdó ìkọ́ṣẹ́ fún àgbàlagbà ní Oṣòdì. Bí àwọn wọ̀nyí bá ń kọ́ni láti sọ̀rọ̀ láwùjọ, ṣé àwa ni yóò pa wọ́n lẹ́nu mọ́?

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín kí ẹ fọwọ́ sí lónìí. Kí a máa fi ohùn pe orúkọ olúkúlùkù nígbà ìbò, kí ó sì fi ohùn dáhùn. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ má sì yan ètò ìpè kankan mọ́ títí aláìríran àárín wa yóò fi kọ́kọ́ dán an wò.

Àwọn baba wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ojú ṣì ní ọ̀rọ̀ nínú. Ìbò ọdún tí ó kọjá ti lọ, a kò lè pè é padà. Ti ọdún yìí ń bọ̀ ní ọ̀sán òní. Orúkọ baba wa ni a ń rọ Alága kí ó kọ́kọ́ pè.