Ère Alákìísà Inú Oko: Ẹwà àti Àbùkù Sinimá Adẹ́rùbani Kan

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí sinimá tí ère alákìísà, tí àgbẹ̀ rì mọ́ inú oko láti lé ẹyẹ, ti ń pa ènìyàn. Ó lè dàbí ọ̀rọ̀ eré. Ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ wò ó, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ̀ pé ó ju eré lọ.

Bàbá mi ń ru ẹrù ní èbúté Àpápá. Ajégúnlẹ̀ ni a ń gbé. Nínú ilé fídíò onípákó kan ní àdúgbò wa ni mo ti wo Dark Night of the Scarecrow, tí Frank De Felitta darí fún tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní 1981. Bubba, àgbàlagbà tí ọgbọ́n rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ, gba ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ ajá. Àwọn ará ìlú rò pé òun ni ó ṣe ọmọ náà léṣe. Ó sá pamọ́ sínú ẹ̀wù ère oko. Ọkùnrin mẹ́rin yìnbọn pa á síbẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ère yọ nínú oko, tí wọ́n sì ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

A pàtẹ́wọ́ gidigidi. Ẹwà irú sinimá yìí nìyẹn: níbi tí adájọ́ ti kùnà, òkú a máa gba ẹ̀tọ́ ara rẹ̀. Ère náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira lójú wa títí di òpin, ìdí nìyí tí ẹ̀rù rẹ̀ fi pẹ́ lára wa. Nínú Scarecrows ti William Wesley, ní 1988, ère ń pa àwọn olè, a kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gba ipò ìtàn. Àbùkù kìíní nìyẹn.

Àbùkù kejì ni ó dùn mí jù. Ṣáájú ọjọ́ tí mo wo sinimá yẹn, àwọn ènìyàn lu ọmọkùnrin kan ní òpópónà wa nítorí ìkòkò tí ó sọnù. Ní ọjọ́ kejì ni a rí ìkòkò náà nílé àbúrò ẹni tí ó ni ín. Ojú ọmọ náà kan kò ríran mọ́. Mo wà níbẹ̀. N kò la ẹnu mi. Síbẹ̀ mo pàtẹ́wọ́ fún Bubba, bí ẹni pé n kò sí lára èrò. Sinimá náà di gbogbo ìwà ìkà ru ènìyàn mẹ́rin, ó sì jẹ́ kí àwa òǹwòran lọ láìjẹ̀bi. Aiyé ti Hubert Ògúńdé, ní 1979, kò yàtọ̀ púpọ̀: àwọn àjẹ́ ni ìkà, kì í ṣe àwa.

Àwọn baba wa a máa fi àkísà, ìkaraun ìgbín tàbí bàtà gbígbó pa ààlè. Ààlè kì í rìn, kì í sì í lu ènìyàn. Ojú ẹni tí ó fẹ́ jalè ni ó ń bá sọ̀rọ̀ kí ó tó jí i. Ère sinimá ń dé lẹ́yìn tí aláìṣẹ̀ ti kú. Àgbà bọ̀, wọ́n ní agbọ́ẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Sinimá tí mo ń retí ni èyí tí yóò pa ààlè sí ẹnu ọ̀nà wa, kí ọwọ́ wa tó gbé igi.