Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Lórí Ilẹ̀ Onílẹ̀

Ẹ̀yin ará Sábẹ̀, ẹ mọ ojú irin. Ní Wyoming ní Amẹ́ríkà, ojú irin kan gba inú ilẹ̀ ìdílé kan kọjá. Ìjọba ló fún wọn ní ìwé ilẹ̀ náà ní 1976. Nígbà tó yá, ọkọ̀ kò rìn mọ́, wọ́n hú irin. Ìjọba wá fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ìdílé náà kọ̀.

Ní 2014, adájọ́ 8 nínú 9 ní ilé ẹjọ́ tó ga jù dá wọn láre. Àyè láti kọjá ni òfin 1875 fún ọkọ̀, kò fún un ní ilẹ̀. Ọkọ̀ lọ, àyè parí.

Kẹ̀kẹ́ dára o, èmi náà ń gùn ún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹ tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kà á: ṣé “kọjá” ni wọ́n kọ, àbí “tà”?