Wọ́n Tún Ọkàn Ọmọ Wa Ṣe Nígbà Èwe, Kí Ló Dé Tí Àyà Rẹ̀ Tún Ń Lù Kìkì?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí sọ níbi ìpàdé wa

Àwọn kan nínú yín ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, a ò ní pẹ́ jù. Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ ìṣirò owó la kọ́, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ la sì ń ṣe níbí. Ohun tí ojú wa rí ní ọ́fíìsì yìí ló jẹ́ ká lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kí a bá wọn kọ fọ́ọ̀mù owó ilé. Nígbà tí ọmọ náà gun àtẹ̀gùn wa dé òkè, ó jókòó sílẹ̀, ó fọwọ́ di àyà mú, ó ní ọkàn òun ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìyá ní, "Ẹ má dá a lóhùn, iṣẹ́ àṣejù ni." A bi í bóyá ó ti ní àìsàn ọkàn rí. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní wọ́n bí i pẹ̀lú ihò nínú ọkàn, ètè rẹ̀ a máa dúdú bí aró tó bá ń sunkún, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọmọ ọdún 3. "A ti jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti tán."

Ìyá yìí kò parọ́. Iṣẹ́ abẹ yẹn ló jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dàgbà, kó pé ọmọ ọdún 27. Tetralogy of Fallot ni wọ́n ń pe àìsàn náà: ihò wà láàárín yàrá méjèèjì ìsàlẹ̀ ọkàn, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró sì há. Ní 1954 ni Dókítà Lillehei àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ tún irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ṣe tán ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà. Nígbà náà, ńṣe ni wọ́n ń so iṣan ẹ̀jẹ̀ òbí tàbí ẹlòmíràn mọ́ ti ọmọ, kí ọkàn àgbà máa ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì títí abẹ yóò fi parí. Ẹ ò rí nǹkan!

Ṣùgbọ́n abẹ a máa fi àpá sílẹ̀. Ọkàn ní iná mànàmáná tirẹ̀, òun ló ń sọ fún un ìgbà tí yóò súnkì. Iná yìí ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè yàrá ọ̀tún, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Kì í gba inú àpá kọjá. Bó bá dé ibẹ̀, ó lè máa yí i po bí ọkọ̀ tó há sórí roundabout, gbogbo ìgbà tó bá sì yí po ni ọkàn ń lù. Nígbà mìíràn, fáàfù tó ń jò láti ọjọ́ pípẹ́ ló ti mú kí yàrá ọ̀tún fẹ̀, ìyẹn náà a máa da ìlù ọkàn rú. Ti ẹlòmíràn kì í sáré, ńṣe ló ń falẹ̀, torí pé abẹ ti kan ojú ọ̀nà iná. Ó lè má ṣẹlẹ̀ rárá, ó sì lè dé lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún.

Àyà tó ṣàdéédéé ń lù kìkì, òòyì, èémí tó ń gé, àárẹ̀ tí kò nídìí: ẹ sọ fún dókítà. Èyí tó burú jù ni kí ènìyàn dákú, pàápàá níbi eré ìdárayá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó dákú kì í ṣe ẹni tí à ń kọ́kọ́ gbé lọ sórí òkè àdúrà. Ẹ pe 999. Ẹ lè máa gbàdúrà nínú ọkọ̀ ambulance, ẹnikẹ́ni ò ní dá yín lẹ́kun.

Ìtọ́jú wà. Wọ́n lè so ẹ̀rọ kékeré mọ́ àyà fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ka ìlù ọkàn. Oògùn wà. Wọ́n lè ti okùn tín-ínrín gba iṣan ẹ̀jẹ̀ ní abẹ́nú itan lọ sínú ọkàn, kí wọ́n jó ibi tí iná ti ń yí po. Ẹni tí tirẹ̀ ń falẹ̀ lè gba pacemaker. Wọ́n tún máa ń fún àwọn kan ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọkàn lè lọ sí ọpọlọ, kó fa àrùn rọpárọsẹ̀. Ẹ má fi àgbo tí ẹ ń mu pamọ́ fún dókítà o, ó lè bá oògùn yìí jà.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ èyí tó kan iṣẹ́ wa: ìwé. Ọmọ ọdún 18 ni ọmọ yìí nígbà tí ilé ìwòsàn ọmọdé ní kó máa lọ sí ti àgbà. Wọ́n kó kúrò nílé, lẹ́tà lọ sí àdírẹ́sì àtijọ́, kò sẹ́ni tó tún wá a. Ọdún 9 nìyẹn! Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ sọ fún GP yín pé kílíníkì àwọn àgbà tí wọ́n bí pẹ̀lú àléébù ọkàn lẹ ń fẹ́. Ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ abẹ náà, ọjọ́ rẹ̀ àti ilé ìwòsàn tó ṣe é sílẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà ECG tí wọ́n yà lọ́jọ́ tí ara le, nítorí pé ECG ọkàn tí wọ́n ti tún ṣe sábà máa ń yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Dókítà tí kò rí ti tẹ́lẹ̀ kò ní mọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwa oníṣirò mọ èyí dáadáa: bí o kò bá mọ iye tó wà nílẹ̀, o kò lè mọ iye tó sọnù. Bí ẹ bá ń lọ sílé, inú báàgì ọwọ́ ni kí ìwé yìí wà. Ẹni tó fẹ́ lóyún, kó kọ́kọ́ lọ rí wọn. Ẹni tó bá dákú, kó dúró ná lórí ọkọ̀ wíwà, kó sì sọ fún DVLA.

Ẹni tí wọ́n ti ṣe abẹ fún ní ilẹ̀ mìíràn tí kò ní ìwé kankan, kó má tìtorí ìyẹn jókòó sílé. Àpá àyà rẹ̀ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti jó ibi tó ń da ọmọ wa yẹn láàmú. Ó padà wá lóṣù tó kọjá, ó gun àtẹ̀gùn wá bá wa, òun àti ìyá rẹ̀. Fọ́ọ̀mù owó ilé yẹn la ṣì ní láti parí.