Etí Pierre Monteux

Bí a bá dárúkọ Pierre Monteux, adarí orin, alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1913 ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Alẹ́ ọjọ́ náà ló darí Le Sacre du printemps ti Stravinsky fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Paris. Àwọn èrò ìwòran ń pariwo, wọ́n ń bú ara wọn, síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró títí orin fi parí. Akin ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, òkìkí alẹ́ yẹn ti bo iṣẹ́ ọkùnrin yìí mọ́lẹ̀. Àwọn àwo rẹ̀ ló yẹ kí a fi mọ̀ ọ́n, etí rẹ̀ sì ni àwọn àwo náà ń jẹ́rìí sí: kò fẹ́ kí ohùn kan bo òmíràn.

Kó tó di adarí, fíólà ló ń ta. Ó wà nídìí fíólà ní Opéra-Comique lọ́dún 1902, nígbà tí Debussy gbé Pelléas et Mélisande jáde. Fíólà kì í sábà ṣáájú orin. Àárín ni tirẹ̀, níbi tí etí olùgbọ́ kì í tètè dé. Ẹni tó bá ti pẹ́ níbẹ̀ á mọ ohun tó ń sọnù. Ẹ gbọ́ Daphnis et Chloé ti Ravel, tí òun àti London Symphony Orchestra gbà sílẹ̀ lọ́dún 1959: fáyólìnì àkọ́kọ́ ń dún lápá òsì, fáyólìnì kejì lápá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ adarí ìgbà náà ti kó méjèèjì sójú kan. Monteux kò gbà. Bí ọ̀kan bá bi èkejì léèrè, ó fẹ́ ká mọ ẹni tó ń dáhùn.

Àwọn kan á ní kò ní àmì tirẹ̀ bíi adarí Stokowski, tí a ń dá mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á tún ní Sacre tó gbà sílẹ̀ ní 1929, 1945, 1951 àti 1956 kò bára mu. Òótọ́ ni pé wọn kò bára mu. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ olórin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ló ta ti 1929, ojú àwo ayé ìgbà náà kì í sì í gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, débi pé ṣe ni wọ́n ń gé orin sí wẹ́wẹ́. Bí a bá yọ ti ẹ̀rọ àti ti ẹgbẹ́ olórin kúrò, ohun tó kù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìlù tó dúró ṣinṣin àti ohùn tó ya ara wọn sọ́tọ̀. Àmì tirẹ̀ nìyẹn.

Ó dùn mí pé nígbà tó ń darí orin ní Amẹ́ríkà, orin Faransé ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ fún ṣáá, nígbà tó jẹ́ pé Brahms ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó gba Síḿfónì Kejì ti Brahms sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní apá kejì orin náà, sẹ́lò ń sọ̀ kalẹ̀, fèrè bàsúùnù sì ń gòkè pàdé rẹ̀. Lábẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ adarí, sẹ́lò nìkan la máa ń gbọ́. Nínú àwo London ti ọdún 1962, nígbà tí Monteux ti pé ẹni ọdún 87, méjèèjì la gbọ́.