Eyín Ló Ń Gé Ahọ́n Jẹ



Bí ọkùnrin bá lu ìyàwó rẹ̀ ládùúgbò wa, a ó ní tọkọtìyàwó ń jà. A ó ní ahọ́n àti eyín náà ń jà, wọn a sì tún rẹ́. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Ta ló rí ibi tí ahọ́n ti gé eyín jẹ rí?

Mo bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí. Ó ń ká etí ìró rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ó ro ìyà tó jẹ lọ́wọ́ ọkọ fún mi, títí dé alẹ́ tí òun náà fa ọ̀bẹ yọ. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n mo máa ń dá a lóhùn o, mà." Ẹni tó lù ú ló ṣì ń wá àwáwí fún! Ní apá àwọn ọkùnrin nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹnì kan ní, "Mi ò lù ú o, mà. Mo kàn gbá a létí ni." Òun àti obìnrin yẹn kò mọ ara wọn rí, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló jókòó sí wọn lọ́kàn, pé lílù máa ń nídìí.

Ẹ̀wọ̀n kọ́ ló kọ́ wọn. Nínú NDHS, ìwádìí nípa ìlera àti ètò ìdílé, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2018, wọ́n béèrè bóyá ó tọ́ kí ọkọ lu ìyàwó tó jẹ́ kí oúnjẹ jóná, tó bá a jiyàn, tó jáde láìsọ, tí kò tọ́jú ọmọ, tàbí tó kọ̀ láti bá a sùn. Nínú 100 obìnrin, 28 ló gbà pé ó tọ́ nítorí ọ̀kan nínú wọn, ó kéré tán. Nínú 100 ọkùnrin, 21 ni. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n mi ò lè dá a lẹ́bi, ọmọbìnrin tí wọ́n ti ń sọ fún láti kékeré pé ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni.

Òfin náà lọ́wọ́ sí i. Ní Òkè Ọya, abala 55 ìwé òfin Penal Code fàyè gba ọkọ láti bá ìyàwó wí, níbi tí àṣà bá ti gbà á, bí kò bá ti ṣe é léṣe tó pọ̀. Ìbáwí! Ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin VAPP ti 2015, tó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀, pe lílù aya tàbí ọkọ ní ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 3, tàbí owó ìtanràn tí kò ju 200,000 náírà lọ, tàbí méjèèjì.

Ní 2019, òfin mìíràn pa orúkọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n dà, ó ní àtúnṣe ìwà ni iṣẹ́ rẹ̀. Níbi tí mo dé, mo rí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo rí ọṣẹ tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣe. Mi ò rí ẹni tó mú ọkùnrin yẹn jókòó láti bi í léèrè nípa ìgbátí.

Nígbà kẹta tí mo lọ, obìnrin yẹn ní, "Ó ń lù mí." Mo dúró kí ó fi "ṣùgbọ́n" kún un. Kò fi kún un.